Àṣẹ Ìdákẹ́ Tó Pa Sájẹ́ntì Jàbárù

Sájẹ́ntì Sùlàímọ́nù Jàbárù ti kú. Èmi ni mo sọ ọ́, nítorí àwọn tó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ ti pa ẹnu mọ́ láti ìgbà tí òjò ti ń palẹ̀ mọ́ títí tí ọyẹ́ fi dé. Ó kú sẹ́nu iṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá kékeré kan ní Kwanan Giginya, lójú ọ̀nà eléruku tó gba ẹ̀yìn Dei-Dei wọ inú igbó lọ. Ó kú lẹ́yìn tó ti rí i pé gbogbo ọmọ ogun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti jáde kúrò nínú ọta. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn tó rán an lọ, kò kú. Wọ́n ní ó sọnù.

Ẹ bá mi wò ó. Ọkùnrin tó ga bí òpó iná, tí ohùn rẹ̀ máa ń ti ẹnu títì dé ìsàlẹ̀ ọjà, òun ló wá sọnù bí abẹ́rẹ́.

Ohun tí à ń béèrè kò pọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀: kí wọ́n jẹ́wọ́ pé ọkùnrin yìí kú, kí wọ́n sì sọ ohun tó pa á. Kì í ṣe nítorí àtibu ọlá fún òkú nìkan. Ohun tó pa á ṣì wà níbẹ̀. Wọn ò tún un ṣe, àbí ta ló ń tún ohun tí kò tíì pa ẹnikẹ́ni ṣe? Wọ́n sì ti ń múra ọmọ ogun mìíràn sílẹ̀ fún afárá kan náà.

Àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Àbújá mọ Jàbárù. Ìyàwó rẹ̀, Ràdíátù, ń ta ọ̀dà àti ìṣó ní ọjà ohun ìkọ́lé ní Dei-Dei. Nígbà tí ọkọ bá gba ìsinmi wálé, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni yóò jókòó sí, pẹ̀lú ṣòkòtò penpe àti singiléètì. Tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù bá dí ara wọn mọ́ ojú ọ̀nà, tí awakọ̀ ń bú awakọ̀, Jàbárù á dìde, kò ní pariwo, á máa pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ, fà sẹ́yìn díẹ̀. Ìwọ, dúró síbẹ̀. Tó bá tó ìṣẹ́jú mélòó kan, ọ̀nà á là.

Ọdún Iléyá kan, èmi ni ẹgbẹ́ ìlú wa ní kí n ṣètò bọ́ọ̀sì tí yóò kó wa lọ sílé. Gáréèjì dàrú. Mò ń sáré kiri, ohùn mi ti há. Jàbárù wá dúró tì mí. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ariwo yìí ò ṣe é dì sínú bọ́ọ̀sì o. Ta ni kò tíì wọlé?" Mo sọ fún un. Ó jáde lọ, ó sì kó wọn wá, títí kan ìyá àgbà kan tó ti lọ ra pọ́fúpọ́fù. Bó ṣe rí nìyẹn. Kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ́kù lẹ́yìn.

Nílé pẹ̀lú, kì í fọwọ́ kan oúnjẹ àyàfi tí gbogbo ọmọ bá ti dáhùn orúkọ wọn. Ràdíátù máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá Ummu, báráàkì kọ́ nìyí o. Tí o bá tún pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀bà tútù lo máa jẹ." Á rẹ́rìn-ín, á sì tún pè é.

Ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí afárá yẹn, ẹnu Kọ́púrà Akínjídé, igbákejì rẹ̀, ni a ti gbọ́ ọ. Ó wá bá Ràdíátù ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò wọ aṣọ iṣẹ́, ó sì jókòó sórí garawa ọ̀dà bí ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́. Èmi náà wà níbẹ̀.

Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àárọ̀ tán ni. Kẹ́ẹ̀gì omi ló kọ́kọ́ gba ọta. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń dà sílẹ̀, ìbọn ti ń dún láti inú igi ní ọ̀tún àti ní òsì. Ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan ò tíì rí i kí ìbọn kọjú sí wọn rí. Jàbárù dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn ògiri kọnkéré afárá náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ẹni tó bá pè á jẹ́ ẹ, á sì rántí pé òun ṣì wà láàyè. Ó pe Afeez, Afeez ò dáhùn. Ó yíjú, ó rí i pé ọmọ náà ti ki orí bọ ẹrẹ̀.

"Afeez, ṣé o fẹ́ gbin orí ẹ síbẹ̀ ni? Kò ní hù o. Gbé e sókè, kí o yìnbọn."

Akínjídé rẹ́rìn-ín níbi tó ti ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Jàbárù pín wọn sí méjì. Àwọn wọ̀nyí ń yìnbọn, àwọn wọ̀nyẹn ń fàyà wọ́ lọ sínú kòtò gbígbẹ tó wà lẹ́yìn. Tí àwọn yẹn bá débẹ̀, wọ́n á yìnbọn kí àwọn tó kù lè wọ́ wá. Òun ló ń dárúkọ ẹni tó kàn. Ó ní ẹni tó bá dá ara rẹ̀ rán níṣẹ́, òun fúnra òun lòun á yìnbọn lu bàtà ẹ̀. Ọta gba Afeez nítan, Jàbárù ní kí ẹni méjì fà á bí àpò ìrẹsì, kí wọ́n má sì dá sí igbe rẹ̀.

Akínjídé wo Ràdíátù. "Ìyá Ummu, ẹ̀rù bà á o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé ẹ̀rù ò bà á. Ṣùgbọ́n kò fo orúkọ ẹnikẹ́ni."

Nígbà tó ku òun àti Akínjídé, Jàbárù ní, "Máa kó wọn lọ. Tí mo bá dìde báyìí, kòtò yẹn ni wọ́n máa bá wa mọ́." Akínjídé ní kí òun náà dúró tì í. Ó ní, "Ta ló máa wá kó wọn? Ṣé Afeez?" Akínjídé wọ́ lọ. Wọ́n ń gbọ́ ìbọn Jàbárù lẹ́yìn wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Nígbà tó yá, wọn ò gbọ́ ọ mọ́.

Ẹ ó béèrè pé ṣé wọn ò ní ohun tí wọ́n lè fi pe ìrànlọ́wọ́ ni. Wọ́n ní in. Wọkí-tọkí wà lọ́rùn Jàbárù. Ṣùgbọ́n àṣẹ ti wà nílẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ nígbà tí ìbọn bá ń dún. Àṣẹ náà ní ìdí: àwọn agbébọn ti gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ogun kan tó ṣubú, wọ́n sì ń fetí kọ́ gbogbo ohun tí àwọn ọmọ ogun bá ń sọ. Nítorí náà, ọ̀gá tó wà ní ibùdó nígbà náà bá Jàbárù ṣe àdéhùn. Tí ogun bá dé, má sọ̀rọ̀, bọ́tìnì ni kí o máa tẹ̀. Tí a bá ti gbọ́ ṣá, ṣá, ṣá láìsí ohùn ènìyàn níbẹ̀, a ó mọ̀ pé ìwọ ni, ọkọ̀ ìrànlọ́wọ́ yóò sì gbéra. Akínjídé, tó gbọ́ ọ lẹ́nu Jàbárù, ló sọ ọ́ fún wa. Àdéhùn ọlọ́gbọ́n ni. Àṣìṣe kan ló wà nínú rẹ̀: inú orí ọ̀gá yẹn nìkan ló wà ní gbogbo ibùdó náà.

Wọ́n sì gbé ọ̀gá yẹn lọ síbòmíràn. Ó di ẹrù rẹ̀, ó kó fáànù, ó kó tẹlifíṣọ̀n, ó sì gbé àdéhùn náà lọ nínú orí rẹ̀. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ jókòó sórí àga tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí ṣá, ṣá, ṣá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní bátìrì wọn ló ń kú lọ. Ó pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Ṣé kí wọ́n dáhùn ni? Ọkọ̀ kan tilẹ̀ gbéra, nítorí awakọ̀ rẹ̀ ti gbọ́ ìbọn lókèèrè, ó sì yọ ọ̀gá lẹ́nu títí tó fi gbà. Wọn ò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí ṣá, ṣá, ṣá fi dáwọ́ dúró. Awakọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló sọ fún Akínjídé ohun tí ọ̀gá wí: "Wọn ò ṣe nǹkan kan mọ́. Wọ́n ti sá kúrò níbẹ̀. Ẹ yí padà."

Wọ́n ní kó dákẹ́, ó dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni wọ́n wá fi ṣe ẹ̀rí pé ó sá. Irú ìdájọ́ wo nìyẹn?

Iṣẹ́ tèmi ni kíkó ọjà láti ìlú dé ìlú. Tí ẹni tó ń ṣọ́ ilé ẹrù mi bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò ní gba ẹnu ọ̀nà kọjá títí yóò fi mú ẹni tó ń bọ̀ yí ilé ẹrù ká. Á fi ibi tí òrùlé ti ń jò hàn án. Á fi awakọ̀ tí kò ṣe é gbọ́kàn lé hàn án, àti ajá tó ń gé ènìyàn jẹ. Tí kò bá ṣe é, kò lọ. Sìmẹ́ńtì ni mò ń ṣọ́ báyìí o. Sìmẹ́ńtì lásán. Ẹ̀yin tí ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́wọ́ yín, kí lẹ fà lé ara yín lọ́wọ́ ju kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ?

Ẹ tún gbọ́ èyí. Lẹ́yìn ìjà náà, àwọn àgbẹ̀ Gbàgyí tó ní oko níbẹ̀ padà wá láti kórè ọkà bàbà wọn. Wọ́n rí Jàbárù. Wọ́n ní àwọn ò lè máa kórè lójú òkú ọmọ ènìyàn, wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n sì sin ín. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá àgbàlagbà kan, bá Akínjídé pàdé ní ọjà màlúù ní Dei-Dei. "Sànnu," ó kí i, ó sì fi ọwọ́ wọn bí ọkùnrin náà ṣe ga tó. "Sójà yín wà lábẹ́ ọ̀pẹ giginya lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. A bò ó dáadáa."

Akínjídé gbé ọ̀rọ̀ yìí tọ àwọn ọ̀gá lọ. Wọ́n ní ọ̀nà náà kò tíì dára, àwọn ò lè fi ẹ̀mí ènìyàn wewu nítorí òkú. Ó dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́ rán ọmọ ogun mìíràn lọ báyìí. Ọ̀nà tí kò dára fún wíwá òkú, báwo ló ṣe wá dára fún rírán alààyè?

Mo tẹ̀lé Ràdíátù lọ sí ọ́fíìsì kan ní Garki. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ara wọn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló fún wa ní àga, òun ló kí wa ní "Sànnu, Hájíyà," òun ló sì bá wa wá omi mímu. Àánú parí síbẹ̀. Ọ̀gá tó wà nínú yàrá tútù náà kò tilẹ̀ gbé orí sókè.

"Màdáàmù, ìwádìí ṣì ń lọ lọ́wọ́."

"Lọ́dọ̀ ta ni?" ni mo bi í.

"Kí lẹ jẹ́ sí olóògbé... sí ẹni tó sọnù náà?"

"Ará ìlú kan náà ni wá."

"Ará ìlú kì í ṣe mọ̀lẹ́bí."

"Ìyàwó rẹ̀ nìyí. Òun ló ń béèrè. Àwọn tó bá a jà lọ́jọ́ náà, ẹ ti pè wọ́n kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n rí?"

Ó wo fóònù rẹ̀. "Nǹkan wọ̀nyẹn ní ìlànà. Ẹ ṣe sùúrù. Àti pé, Màdáàmù, ẹ má bínú o, àwọn kan ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí ọkọ yín ti kúrò níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó lè wà níbì kan."

Ràdíátù tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. "Ọ̀gá mi, ẹ lọ bá mi béèrè ní Dei-Dei bí ẹnu tèmi ṣe rí. Àwọn alágbàṣe tí ń gbé irin ń yà fún un. Ọkùnrin yìí bá ẹnu yìí gbé, kò sá. Ìbọn ló wá máa sá fún?"

Mo gbọ́ tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Ọ̀gá ní kí a máa lọ, kí a tún padà wá. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sẹ́ni tó pe Akínjídé wá jẹ́rìí.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé "sọnù" bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, ẹ mọ ohun tó ń ṣe sí obìnrin? Ràdíátù lọ bá Alfa Sànúsí ní mọ́sálásí. Ó ní, "Alfa, ṣé opó ni mí ni àbí aya?"

Alfa kọ́kọ́ wo ilẹ̀. "Ọmọ mi, tí wọ́n bá ní ó kú, wàá ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, a ó kírun sí i lára, Ọlọ́run yóò sì tù ọ́ nínú. Tí wọ́n bá ní ó sọnù, ọdún mẹ́rin lo máa fi retí rẹ̀ kí opó tó bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, kí lẹ rò?"

"Mo rò pé ó kú. Ṣùgbọ́n èrò tèmi kì í ṣe ẹ̀rí. Mú ẹni tó rí i nígbà tó ṣubú wá, tàbí ẹni tó sin ín, tàbí kí àwọn tó rán an lọ fi ẹnu ara wọn sọ ọ́."

Akínjídé ò rí i nígbà tó ṣubú, ìbọn rẹ̀ ló gbọ́ tó dákẹ́. Àwọn àgbẹ̀ tó sin ín ti fọ́n ká, bàbá àgbàlagbà yẹn pàápàá ti kó ìdílé rẹ̀ lọ, a ò mọ ibi tí wọ́n yà sí. Ó ku ẹnu àwọn tó rán an lọ. Ẹnu yẹn ló sì wà ní títì.

Ìbídùnní tó ń ta páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wọn wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ là, kò rí ohun tí yóò sọ. Ẹ wo àwa Yorùbá tí a ní ìkíni fún gbogbo nǹkan. A ní ẹ kú òjò, a ní ẹ kú oòrùn, a ní ẹ kú ìjókòó. Tó bá ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, ó ti fẹnu ara rẹ̀ pa ọkọ ọlọ́kọ. Tó bá ní ẹ kú ìrètí, ó ti purọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó dìde, ó ní, "Ìyá Ummu, ẹ kú ọjà o," ó sì lọ. Ọjà tí Ràdíátù ò tíì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń rí lójú ọ̀nà yẹn, torí ojú ọ̀nà ni oúnjẹ òòjọ́ mi. Àwọn awakọ̀ tìpà tó ń gbé yanrìn láti ẹ̀yìn Kwanan Giginya ti dẹ́kun lílọ. Mo fi kún owó wọn, wọ́n kọ̀. Awakọ̀ tìpà kọ owó. Ọkùnrin tó ń ta epo nínú gálọ́ọ̀nù ní ìkóríta ti palẹ̀ mọ́. Àwọn oníṣòwò màlúù ń mú ẹran wọn gba ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọ̀kadà tí kò ní nọ́ńbà ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ẹni tó gùn wọ́n kì í ra nǹkan kan, kì í kí ẹnikẹ́ni. Àwọn ará abúlé tó kù ti ń kó ewúrẹ́ wọn lọ sọ́dọ̀ ìbátan. Gbogbo ẹni tí kò ka ìwé ogun rí ló ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó kà á ńkọ́?

Àwọn tó kà á ti fún Akínjídé ní ọmọ ogun. Bẹ́ẹ̀ ni, òun ni wọ́n ní kó kó wọn lọ. Ó ní àwọn kan nínú wọn, aṣọ iṣẹ́ tuntun tó le fún sítáàṣì ló wà lọ́rùn wọn. Olúwadémiládé, ọmọ ogun kan tó bá wọn wọ́ lọ sínú kòtò lọ́jọ́ afárá yẹn, náà wà níbẹ̀. Wọ́n fún Akínjídé ní wọkí-tọkí. Wọ́n sì tún àṣẹ náà pa fún un láìyí ọ̀rọ̀ kan padà: tí ìbọn bá ń dún, má sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ bọ́tìnì. Kò sẹ́ni tó dárúkọ àmì kankan.

Akínjídé béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ pé, "Sà, tí a bá dákẹ́, kí lẹ máa gbà pé ó ṣẹlẹ̀ sí wa?"

Ọ̀gá ní kó lọ múra.

Òun ló ní kí n kọ èyí, kí n sì dárúkọ òun. Mo ní ṣé kò bẹ̀rù pé wọ́n lè tì í mọ́ gáàdìrúùmù, àtìmọ́lé àwọn ológun. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Ẹ̀gbọ́n, orí afárá yẹn ni wọ́n ń rán mi lọ. Gáàdìrúùmù ní òrùlé."

Nítorí náà, mi ò bẹ̀bẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa mu tíì títí ọdún yóò fi yí. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ tí ẹ ní kó yí padà wá sọ ohun tó gbọ́. Ẹ jẹ́ kí Akínjídé wá sọ ohun tó rí. Ẹ wá ọ̀gá tó gbé àdéhùn lọ àti ọ̀gá tó ní bátìrì ló ń kú, ẹ fi wọ́n sójú kan náà, kí a gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ẹ sọ fún Ràdíátù pé ọkọ rẹ̀ kú, kí obìnrin náà lè sunkún rẹ̀ bí ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe ìkankan nínú ìwọ̀nyí, àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ń di bàtà wọn lọ́wọ́ báyìí, ìbéèrè tí Kọ́púrà wọn bi nípa ìdákẹ́ sì wà nílẹ̀. Kí ọ̀gá tó pàṣẹ dúró síwájú wọn, kó dáhùn rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, kí a lè mọ ẹni tí a ó mú bí ìbọn bá dún, tí ẹnikẹ́ni ò sì wá.